Àpáta Tó Wà Lábẹ́ Ilé Wa

Arúgbó kan tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn ilẹ̀ tí ilé wa wà lórí rẹ̀ fún mi. Bàbá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń jókòó síta, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ẹni tó bá sì fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní nígbà tí ìyá bàbá mi kọ ilé ọkọ sílẹ̀, tó pọn bàbá mi padà wá sí ilé baba rẹ̀, àwọn àgbà ilé ní ọmọ obìnrin kì í ti ilé ọkọ dé kí a lé e síta. Wọ́n ní kó tẹ̀ lé àwọn. Wọ́n mú un gba ẹ̀yìn ilé, wọ́n kọjá oko kòkó, wọ́n kọjá ibi tí wọ́n ń gbin iṣu sí, títí wọ́n fi dé ibi tí àpáta ti yọrí láàárín koríko bí ẹ̀yìn ìjàpá. Wọ́n ní ibẹ̀ ni kó kọ́ ilé sí.

"Ibi tí ẹ̀gẹ́ ò ti lè ta ni wọ́n fún un," Bàbá Àgbà wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo mú àdá lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mò ń ṣán koríko, àdá ń dún kan-an kan-an lórí òkúta."

Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n fún un ni àbí wọ́n yá a.

Bàbá Àgbà wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ tíṣà yìí, ta ni í yá ènìyàn ní àpáta?"

Ìdáhùn náà pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ti kú kí ọ̀rọ̀ ọ̀hún tó di ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ pe ìpàdé, kò sì ku ẹyọ kan láyé mọ́ nínú àwọn tó tẹ̀ lé ìyá bàbá mi lọ sórí àpáta lọ́jọ́ náà.

Abúlé wa kò jìnnà sí Lálùpọn. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti Ìbàdàn bọ̀ á fẹsẹ̀ rìn gba àárín oko ẹ̀gẹ́, èéfín àwọn tó ń yan gàrí ló máa kọ́kọ́ kàn án nímú, kó tó rí ilé wa lókè. Bàbá mi ló kọ́ ilé náà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n wó ilé alámọ̀ tí ìyá wọn fi sílẹ̀, wọ́n fi bọ́lọ́ọ̀kù kọ́ tuntun sí ojú ibẹ̀ gan-an. Ilé àwọn ará yòókù a máa lanu lára ògiri tí òjò bá lọ tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, nítorí amọ̀ ìsàlẹ̀ ń wú, ó sì ń súnkì. Tiwa kì í lanu. Àpáta kì í wú.

Ní agbo ilé wa, kì í ṣe ìwé ló ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Òkú ni. Ibi tí a bá sin bàbá ẹni sí, tí ilẹ̀ sì gbà á, ibẹ̀ ni ẹnu ẹni ti ń tó ọ̀rọ̀. Ẹni tí a gbé bàbá rẹ̀ lọ sin síbòmíràn, àlejò ni, ì báà ti gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bàbá mi sì jẹ́ ọmọ ọmọbìnrin ilé. Wọ́n mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nígbà tí àìsàn tó pa wọ́n ti dá wọn dùbúlẹ̀, wọ́n pe èmi àti àbúrò mi obìnrin wọ yàrá.

"Ẹ má gbé mi lọ sí ibojì ìjọ o," wọ́n wí. "Iwájú ilé mi ni kẹ́ ẹ sin mí sí, lábẹ́ fèrèsé ìyá yín. Bẹ́ ẹ bá gbé mi lọ sí ìlú, kí ọdún tó yípo, ìyá yín á ti máa di ẹrù."

Ìyá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n sọ nípa àbúrò mi yìí. Èmi di tíṣà bíi bàbá wa, ṣùgbọ́n òun lọ sí yunifásítì, ó lọ kọ́ nípa òkúta àti ohun tó wà nínú ilẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n gbà á síṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wá ojú omi fún àwọn abúlé, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ wá gbẹ́ ẹ. Ẹnu rẹ̀ mú. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹnu rẹ̀ tó mú yẹn, wọ́n sì máa ń tọ́ ọ níjà.

"Gbogbo ọdún tó o lò níbẹ̀ yẹn," wọ́n bi í lọ́jọ́ kan tí ara wọn ṣì le, tí gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìyá mi ń ṣa ẹyìn, "òkúta lo lọ ń kà?"

"Òkúta ni, bàbá."

"Kí ni òkúta sọ?"

Àbúrò mi na ọwọ́ mú ẹyìn kan nínú igbá ìyá mi. Ó ní kí bàbá wò ó. Ó ní ayé tí a wà lórí rẹ̀ yìí, bí ẹyìn ló rí. Awọ tó wà lóde, tó tinrin, tó ń dán, òun ni gbogbo ohun tí ojú wa rí: òkè, òkun, Ìbàdàn, Lálùpọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Kò sí kànga tí ẹnikẹ́ni tíì gbẹ́ tó la awọ náà já. Ó fi èékánná bó o, ó fi ara pupa tó nípọn hàn wá. Ó ní abẹ́ awọ ayé, òkúta gbígbóná ló wà níbẹ̀, ó nípọn ju awọ lọ fíìfíì, kì í ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n ó ń wọ́ díẹ̀ díẹ̀, bí àmàlà tó ń tutù nínú ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Èyí tó wà láàárín pátápátá wá dà bí ẹkùrọ́. Irin ni. Èyí tó wà lóde lára irin náà ti yọ́, èyí tó wà nínú le.

Ìyá mi dá ọwọ́ dúró. "Ta ló dé ibẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀, ìyá mi."

"Ta ló wá sọ fún yín?"

"Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, ẹ kì í wọ inú rẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ó ti sán. Ẹ máa ń fi ìka lù ú ni. Ilẹ̀ náà a máa mì, àwọn ibìkan wà láyé tó ti máa ń mì gan-an. Bó bá mì lọ́hùn-ún, ìró rẹ̀ á gba inú ayé kọjá sí ìhà kejì. Àwọn tó ní ẹ̀rọ á gbọ́ ọ, wọ́n á mọ ohun tó gbà kọjá."

Ìyá mi rò ó. Ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbà.

Bàbá mi ní, "Àpáta wa tó wà nísàlẹ̀ yìí ńkọ́? Níbo ló wà lára ẹyìn?"

"Ara awọ ni. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé ayé. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti le, nínú ooru. Ohun tó wà lórí rẹ̀ nígbà náà ló ti ṣí kúrò, ló fi yọrí. Erùpẹ̀ pupa, yangí, amọ̀, gbogbo rẹ̀, àpáta tó jẹrà ni."

"Òkúta ń jẹrà?"

"Ó ń jẹrà bí igi. Òjò ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ́. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ rí yìí, bàbá, òkú àpáta ni."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní àwọn ti ń kọ́ ọmọ ènìyàn láti ìgbà èwe, àwọn kò mọ̀ pé orí òkú làwọn dúró sí.

Ìgbà òjò àrọ̀kúrò ni bàbá mi kú, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. A gbé wọn sí mọ́ṣúárì ní Ìbàdàn, a fi ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ọmọkùnrin agbo ilé gbé dígà àti ṣọ́bìrì dé iwájú ilé wa. Iṣẹ́ wọn ni, bó ṣe wà láti ìgbà àwọn baba nìyẹn. Olórí ẹbí wa náà wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n kejì tí ìyá bàbá mi ní ni olórí ẹbí, àwọn àti bàbá mi jọ dàgbà ni. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n jókòó, wọ́n fi ọ̀pá lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà náà, ọ̀nà tuntun ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọjá. Àpáta tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ti di ibi tí àwọn ọmọ olórí ẹbí ń wò pẹ̀lú ìfẹ́.

Àwọn ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Erùpẹ̀ pupa dé kókósẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yangí, tó dún bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ gúgúrú. Kí ihò náà tó dé orúnkún, dígà ró, ó sì fò padà.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó bẹ̀rẹ̀ sínú ihò, ó fọwọ́ gbá àpáta náà.

"Ọ̀gá ilé ìwé," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún wa. A ò pẹ́ dé, a ò sì ní pariwo, ẹ má kọ orúkọ wa sílẹ̀."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún sún un sápá ọ̀tún, wọ́n sún un sápá òsì. Àpáta ni gbogbo rẹ̀. Olórí ẹbí dìde, wọ́n wá dúró létí ihò. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ilẹ̀ kọ̀ ọ́," wọ́n wí.

Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ẹni pé ó dùn wọ́n. Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn ọmọkùnrin náà. Ọ̀kan gbé dígà rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ní dúró sí iwájú ilé wa, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo abúlé á ti máa sọ pé ilẹ̀ kọ ọ̀gá ilé ìwé.

Àbúrò mi ló dá wọn lóhùn. "Bàbá, ilẹ̀ ò kọ̀ ọ́. Ibi tẹ́ ẹ fún ìyá wọn ló rí bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ," olórí ẹbí wí, "ẹnu rẹ ti gùn ju ìwé rẹ lọ."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Inú ò bí mi. Ilẹ̀ ibojì ìjọ wà ní ìlú, ó rọ̀ bí èlùbọ́. Èmi fúnra mi ni mo máa wá ọkọ̀ tó máa gbé e. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ kò sin bàbá yín dáadáa."

Ìyá mi wà lójú fèrèsé. Wọ́n ti wọ aṣọ dúdú. Wọn ò wo olórí ẹbí, èmi ni wọ́n ń wò. Mo ní a ò ní gbé wọn lọ sí ìlú. Mo ní kí wọ́n dúró, a máa wá ibòmíràn lórí ilẹ̀ wa.

Àbúrò mi wọ ilé ìdáná, ó gbé ọmọ odó ìyá mi jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún ilẹ̀ kiri agbo ilé, ó ń gún, ó ń dẹ etí sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ẹlẹ́nu inú wọn ní, "Ẹ ṣọ́ra o, ó fẹ́ fi ilẹ̀ gúnyán." Níwájú ilé, ilẹ̀ ń dáhùn pẹ̀lú ohùn líle. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí kókò ìyá mi ti ń tutù yọ̀yọ̀ kódà nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ohùn náà yí padà, ó wá wúwo, ó rọ̀. Àbúrò mi dúró.

Ó ṣàlàyé fún mi pé àpáta kì í ṣe tábìlì tí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Ó ń ga níbì kan, ó ń rì níbì kan, ó sì ní ibi tó ti là. Ibi tó bá là ni òjò ń gbà wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹrà lọ sísàlẹ̀. Ó ní bí ihò ehín ló rí.

Wọ́n gbẹ́ ibẹ̀. Ó rọrùn fún wọn. Amọ̀ pupa kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun funfun tó ní ilà pupa, tó ń dán díẹ̀ díẹ̀. Àbúrò mi bu u sọ́wọ́, ó fi hàn mí. Ìlà àpáta ṣì wà nínú rẹ̀ kedere, bó ṣe tẹ̀, bó ṣe ká, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó di ìyẹ̀fun. Ihò náà dé ìbàdí ọkùnrin, ó dé àyà. Mo mí kanlẹ̀. Ẹlẹ́nu náà wà nínú ihò, ó ń dá orin kan tí kò yẹ ìsìnkú. Lójijì ni orin náà dúró.

"Ẹ̀gbọ́n," ó pè mí, "ẹsẹ̀ mi tutù."

Omi ni. Ó ń sun láti ara ògiri ihò, kò yára, ṣùgbọ́n kò dúró. Wọ́n fi garawa gbọ́n ọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́n ọn tán, ó tún ti sun dé kókósẹ̀. Mo wo àbúrò mi. Ó ti fi ọmọ odó ti ara rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

"Ibi tó rọ̀ náà ni omi ń gbé," ó wí. "Mo mọ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Ohun tí mo máa ń dúpẹ́ fún ní abúlé àwọn ẹlòmíràn ló wà níbí yìí."

Ó lọ bá ìyá mi. Mo tẹ̀ lé e. Ó ní kí ìyá wa jọ̀ọ́, àrọ̀kúrò ló fà á, omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀ a máa ga nígbà òjò, tó bá di ọyẹ́, ó máa lọ sílẹ̀, ibojì náà á gbẹ. Ó ní kí a gbọ́n ọn lọ́la, kí posí tó dé, kí a tètè bò ó.

"Ní ọyẹ́," ìyá mi wí. "Lọ́la ńkọ́?"

"Omi díẹ̀ máa wà níbẹ̀ lọ́la, ìyá mi."

"Ọkọ mi kì í fẹ́ kí òjò pa òun. Bó bá ń bọ̀ láti ilé ìwé tí òjò ṣú, ó máa ń sáré, tọ̀gá tọ̀gá rẹ̀ yẹn. Wọn ò ní gbé e sínú omi lójú mi."

Wọ́n da erùpẹ̀ padà sínú ihò ẹ̀yìn ilé ìdáná, a padà sí iwájú ilé, olórí ẹbí ṣì wà lórí àpótí.

Ẹlẹ́nu náà ló mú ìmọ̀ràn iná wá. Ó ti bá àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà ṣiṣẹ́ rí. Ó ní bí wọ́n bá dáná lórí àpáta títí tó fi gbóná dé inú, tí wọ́n wá da omi tútù sí i, ó máa bó bí àlùbọ́sà. Àbúrò mi ní òótọ́ ni. A kó igi sínú ibojì náà, a kó ògbólógbòó táyà sí i, a ṣáná sí i. Èéfín dúdú gòkè. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí nísàlẹ̀ dìde dúró, wọ́n ń wo òkè.

Olórí ẹbí ta ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀. "Mo ti dàgbà," wọ́n wí fún ẹni tó wà nítòsí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́, "n kò tíì rí òkú tí iná ṣáájú rẹ̀ wọ ibojì."

Ìyá mi ti fèrèsé.

Nígbà tí a da omi sí i, àpáta náà ké bí ìbọn. Ó bó lóòótọ́. Awẹ́ rẹ̀ nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, àwọn ọmọkùnrin náà fi ọ̀pá irin tú u jáde. A tún dáná. Èyí tó bó lẹ́ẹ̀kejì tinrin. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kìkì èérún ni. Àbúrò mi sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ojú àpáta náà tó ṣì ń gbóná.

"Ẹ dáwọ́ dúró," ó wí. "Ibi tó jẹrà ti tán. Èyí tó kù, ààyè ni."

Mo bi í pé báwo ló ṣe jinlẹ̀ tó.

"Ṣó o rántí ẹyìn?" ó wí. "Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí awọ."

Ọjọ́ kejì ni a gbé bàbá mi dé. Ihò náà kò ju itan lọ. Wọ́n gbé posí sí i, ojú posí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Nígbà tí pásítọ̀ dé ibi tí àwọn ọmọ olóògbé á ti bu erùpẹ̀ sí ibojì, kò sí erùpẹ̀, èérún òkúta ló yí ibojì ká. Ẹnì kan sáré lọ bu amọ̀ tútù wá láti ẹ̀yìn ilé ìdáná nínú abọ́, òun ni a fi ṣe é. Bíríkìlà to bọ́lọ́ọ̀kù yí posí ká, ó da kọnkéré lé e lórí. Ó ga dé àyà mi. Ó dára láti wò. Àwọn àlejò láti Ìbàdàn ń yìn ín.

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún bí ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ni olórí ẹbí pe ìpàdé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn fẹ́ kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ní ibi tí àwa ń pè ní tiwa. Èmi àti àbúrò mi lọ. Mo sọ fún ẹbí pé bàbá wa wà níbẹ̀, a sin wọ́n síbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

"A rí i," olórí ẹbí wí. "A wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ lẹ gbé e sí, ẹ ò gbé e sínú ilẹ̀. Bí mo bá gbé àpótí aṣọ mi sínú yàrá rẹ, tí mo fi nǹkan bò ó, ṣé yàrá rẹ ti di tèmi nìyẹn?"

Àwọn àgbà mi orí. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ni.

Àbúrò mi dìde. Mo ti ń retí pé ó máa pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ gbà mí láyè. Erùpẹ̀ tẹ́ ẹ sin àwọn bàbá yín sí, ara àpáta ló ti wá. Àpáta ni ilẹ̀ kó tó di erùpẹ̀. Ká sọ òótọ́, nínú gbogbo òkú agbo ilé yìí, bàbá wa nìkan ni ara wọn kan ilẹ̀ gan-an."

Fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ó ti wọ̀ wọ́n lára.

"O sọ ọ́ dáadáa," olórí ẹbí wí. "Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ la ẹnu gbé ènìyàn mì, òun ni àwa ń pè ní ìsìnkú. Èyí tó o wí yẹn ò la ẹnu. Iná lẹ fi bẹ̀ ẹ́, kò la ẹnu." Wọ́n sinmi. "A ò lé ìyá yín o. Kí wọ́n máa jókòó. Ọmọ mi ò ní kọ́lé náà báyìí. Nígbà tí ìyá yín bá sùn, a máa mọ bó ṣe kàn."

Bí a ṣe kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Wọn ò lé wa, wọn ò sì fi wá lọ́kàn balẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti mọ̀ pé ikú àwọn ni àwọn ènìyàn ń dúró dè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu. Bí mo bá wá láti ibi iṣẹ́ mi ní Ìrókò, wọ́n á mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná nínú ọyẹ́, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ níbi ihò àkọ́kọ́ tí a dí yẹn.

"Wò ó, ó gbẹ," wọ́n á wí. "Ọmọ yẹn sọ fún mi pé ó máa gbẹ. Ọjọ́ kan péré ni mo kọ̀."

Mo máa ń sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Mo máa ń sọ pé bàbá fúnra wọn ní abẹ́ fèrèsé ni kí a sin àwọn sí. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá di ọyẹ́ mìíràn, wọ́n á tún mú mi lọ síbẹ̀.

Àwọn ọdún 1990 náà ń lọ sí òpin nígbà tí wọ́n pe èmi àti àbúrò mi pọ̀, tí wọ́n ní àwọn ti rò ó tán. Wọ́n ní kí a má sin àwọn sí ẹ̀gbẹ́ bàbá wa lórí àpáta. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni.

"Ì báà ṣe ìgbà òjò," wọ́n wí. "Ì báà ṣe pé omi kún ún. Ẹ má gbọ́n ọn. Ilẹ̀ ti la ẹnu níbẹ̀, gbogbo wọn rí i. Bí mo bá wọ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé n ò wọlẹ̀."

Àbúrò mi, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ìyá bẹ̀rù omi ju bàbá lọ, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Wọn kì í tilẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ odò kọjá tó bá kún.

"Mo mọ̀ pé mo bẹ̀rù rẹ̀," ìyá mi wí. "Ṣé èmi ni mo máa wà láàyè nígbà náà ni?"

Nígbà tí a jáde, mo bi àbúrò mi bóyá ìyàwó tí wọ́n sin síbẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ ilé ọkọ rẹ̀ múlẹ̀, ní ojú àṣà agbo ilé wa. Ó ní èmi ni àgbà, kí n dá ara mi lóhùn. Mo bi í bóyá omi náà á lọ sílẹ̀ bó bá jẹ́ ìgbà òjò. Ó ní kò ní lọ.

Ìyá mi ṣì wà láyé. Wọ́n ti darúgbó, ojú wọn ti ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó tì wọ́n, ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè: ṣé mo gbà? Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo bá gbé wọn sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn, wọ́n á sùn níbi gbígbẹ, agbo ilé á sì sọ pé àwa méjèèjì kò ní òkú kankan nínú ilẹ̀ náà. Bí mo bá gbé wọn lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ilé náà lè jẹ́ tiwa, omi á sì máa sun sí wọn lára ní gbogbo ìgbà òjò, omi tí wọn ò jẹ́ kó kan ọkọ wọn. Ìwọ tó o bá mi jókòó gbọ́ ọ dé ibí, bó bá jẹ́ ìyá tìrẹ ló bi ọ́ bẹ́ẹ̀, kí lo máa sọ fún wọn?